Fàúsátù Tó Ń Fọ Ohùn

Ní àdúgbò Plateau, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Fàúsátù. Ogún ọdún gbáko ló fi ránṣọ fún tọmọdé tàgbà àdúgbò náà: ìyàwó ìmáàmù, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tíṣà, àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn tó wọ aṣọ rẹ̀ máa ń yí ẹ̀yìn sí ara wọn, wọ́n á ní kí ẹnì kejì wá ibi tí wọ́n ti so aṣọ náà pọ̀, kò sì ní rí i.

Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí ohun gbogbo ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú wo òde láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ihò náà wá ń kéré sí i, títí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó jí, tó sì bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni. Oòrùn ti wà ní ojú ọ̀run nígbà náà. Salifou ọkọ rẹ̀, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un jáde, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ògiri tí oòrùn ti ń pa, kó lè mọ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n lo oògùn tó wà nílé àti èyí tó wà lóde. Nígbà tó yá, Fàúsátù ní ó tó. Ó fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ní kí Salifou kó àpò mẹ́rin tó kún fún ègé aṣọ, tó wà lábẹ́ ibùsùn, lọ dànù. Salifou dáhùn pé òun ti gbọ́. Kò kó wọn dànù.

Àbúrò Fàúsátù, Nafissatou, jẹ́ olùkọ́ ní Kùtọnù. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ti lo ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka gbogbo ohun tó bá hàn lójú rẹ̀ jáde ní ohùn òkè. Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan, á pe lẹ́tà náà. Nafissatou lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ó ń di ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e lé àwọn bọ́tìnnì, bí ẹni ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń hun ẹní. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Fàúsátù ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀, àti ti Ràmátù ọmọ wọn tó ń kàwé ní Parakou.

Àfi ohùn náà. Ohùn obìnrin ni, èdè Faransé ló ń sọ, ṣùgbọ́n bí ohùn ẹni tó ki orí bọ garawa ló ṣe rí. Nǹkan kan tún ń kùn lábẹ́ rẹ̀ láìdákẹ́, bí eṣinṣin tí wọ́n dé mọ́ inú agolo. Fàúsátù kì í dá àwọn lẹ́tà kan mọ̀ yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ kan, ó kọ lẹ́tà sí Nafissatou pé ẹja yíyan ni àwọn jẹ lálẹ́ àná. Ẹja, *poisson*, ló fẹ́ kọ. *Boisson* ló tẹ̀, tó túmọ̀ sí nǹkan mímu. Nafissatou pè é lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ yan ohun mímu lórí iná, ẹ sì fi ata sí i!"

Fàúsátù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ohùn kọ̀ǹpútà bá burú fún ẹlòmíràn, orin ni kò ní dùn létí rẹ̀. Ní ti Fàúsátù, ojú rẹ̀ kejì ló tún ń ṣú yẹn.

Ó kọ́kọ́ rò pé kí ohùn náà ṣáà lọ sókè ni. Ó gbé e sókè, kíkùn náà sì bá a gòkè. Salifou bá lọ yá báfù ńlá kan, àpótí tí ohùn ń gbà jáde, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń lù ú níbi ìkómọjáde. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin inú rẹ̀ sọ mi páànù orí ilé, ó mi àwọn ife orí pẹpẹ, adìyẹ tó sàba lábẹ́ fèrèsé sì fò jáde tòun ti ariwo. Fàúsátù fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ẹ dá a padà, Bàbá Ràmátù," ó wí. "Ó ti pọ̀ jù, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ ohun tó sọ."

Salifou ló mú Hermann wá. Hermann ti sún mọ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ibi tí koríko ti hù bo irin. Fàúsátù gbọ́ tó jókòó, ó gbọ́ tó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ kó tú nǹkan kan.

"Ìyá Ràmátù," ni Hermann wí, "ẹ má sọ fún mi pé kò dára. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń gbọ́."

Láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ ti lọ, ohun tí kò lè rí mọ́ ni gbogbo èèyàn ń bi í. Ó tẹ́tí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Ariwo mẹ́ta ni. Ọ̀kan ń kùn ṣáá, kì í dúró, ohùn rẹ̀ nípọn. Ọ̀kan tín-ín-rín, ó ń han bí ìka mi bá ṣe ń rìn lórí bọ́tìnnì. Bí mo bá dúró, òun náà á dúró. Ẹ̀kẹta ò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Inú yàrá yìí ló wà. Bí obìnrin yìí bá sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì máa rìn kiri lára ògiri, á sì lọ kọlu èyí tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e."

Hermann sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tún rédíò ṣe," ó wí. "Kò sẹ́ni tó pín ariwo fún mi báyìí rí."

Ó yọ wáyà ṣájà kúrò lára iná. Eṣinṣin inú agolo náà kú lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iná ilé náà kò ní wáyà tó wọnú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí kíkùn rẹ̀ fi ń gba ara ṣájà wọlé. Òun máa ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, títí di ìgbà náà kí Fàúsátù máa yọ ṣájà bó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ariwo tín-ín-rín náà ń wá láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí ibi tí ohùn ti ń jáde sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ yòókù ti ń lọ jù, wọ́n ń kọlura. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó mú àpótí kékeré kan wá tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì mú kí ohùn máa gba ibẹ̀ jáde dípò inú. Ó pa gbogbo ọ̀ṣọ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi kún ohùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó gbé báfù kékeré méjì tó bá kọ̀ǹpútà náà wá kúrò lórí tábìlì tó ń gbọ̀n, ó gbé wọn lé orí fóòmù, ó sì gbé wọn sókè títí wọ́n fi bá etí Fàúsátù dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ó dúró láàárín yàrá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pá! Ìró náà sá lọ, ó sá bọ̀.

"Èyí tó kù nìyẹn," ó wí. "Sìmẹ́ǹtì lásán ni ògiri yín, páànù sì ni òkè. Ẹ wá aṣọ tó nípọn, ẹ fi kọ́ ara ògiri. Bó bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé ohùn mì tó."

Salifou ló tẹríba sábẹ́ ibùsùn, tó wọ́ àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rán aṣọ ògiri náà, ọwọ́ ló fi rán an. Kí Salifou tó gbé alùpùpù rẹ̀ jáde láràárọ̀, á fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á tò wọ́n sára tìmùtìmù. Fàúsátù á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé, á máa so ègé mọ́ ègé, á máa kó aṣọ sínú aṣọ kó lè nípọn. Ìka rẹ̀ ń dá àwọn ègé náà mọ̀. Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ yìí, léèsì ọjọ́ ìgbéyàwó ìyàwó ìmáàmù ni. Èyí tó le bí awọ yìí, ti akọrin kan tó sanra, tó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ìwọ̀n òun fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin Plateau ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èjìká wọn, pẹ̀lú ìdí wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Nígbà mìíràn, kò mọ̀ bóyá òun ń rán aṣọ ni àbí òun ń lá àlá. Abẹ́rẹ́ á gún un, á sì mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aṣọ náà kọ́, ìrọ̀lẹ́ ni. Salifou pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Fàúsátù jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà. Obìnrin inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dà bíi pé ó ti yọ orí kúrò nínú garawa, pé ó jókòó ti Fàúsátù lórí àga. *Poisson. Boisson.* Ó tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì léraléra nítorí adùn lásán. Lẹ́yìn náà, ó wá ìwé kan tí Nafissatou ti kó síbẹ̀ fún un, tí ọkùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ kà. Ó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣí ojú ìwé. Ó gbọ́ bó ṣe ń gbé itọ́ mì kó tó bẹ̀rẹ̀ orí tuntun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lọ́nà jíjìn réré, ó gbọ́ ẹyẹ kan tó ń ké níta fèrèsé ilé tí ọkùnrin náà ti ń kàwé, ní ìlú tí Fàúsátù ò lè mọ̀ láé, ní òwúrọ̀ kan tó ti lọ tipẹ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń ṣe é bíi pé ilẹ̀kùn kan ṣí nínú ògiri, pé bó bá na ọwọ́, á kan ewé igi tí ẹyẹ náà bà lé.

Hermann ló tan ìròyìn náà kálẹ̀. Ó ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé obìnrin kan wà ní Plateau tó ń fọ ohùn bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ. Ó ti kọ́ Fàúsátù bí wọ́n ṣe ń gé ariwo kúrò lára ohùn díẹ̀díẹ̀. Bó bá gé e jù, ohùn èèyàn á tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, ó sì gbọ́dọ̀ dá díẹ̀ padà. Àwọn èèyàn ń gbé wáàsí wá, wọ́n ń gbé orin ìgbéyàwó wá. Ọjọ́ kan ni Màmá Élisabeth dé láti abúlé Ofè.

Màmá Élisabeth ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá Antoine, àgbà kan nínú abúlé náà, ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún wọn ní ọdún tó kọjá, níwájú gbogbo èèyàn lábẹ́ igi máńgòrò. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìpàdé náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu bàbá, tó sì mú ohùn rẹ̀ lọ. Ní báyìí, Landry àkọ́bí rẹ̀ ní ọdún kan ni bàbá òun sọ, ọdún náà sì ti pé. Àwọn obìnrin ní títí tó bá fi sú àwọn ni. Wọ́n gba ohùn ìpàdé náà sílẹ̀ sórí fóònù, àmọ́ ẹ̀rọ ìlọta kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá igi náà, òun ló sì bo ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

"Ìyá Ràmátù, a gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ náà," ni Màmá Élisabeth wí. "Títí tó bá fi sú wa. Ìwọ ṣáà bá wa jẹ́ kó yọ síta."

"Màmá, bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò lè fi í síbẹ̀."

Màmá Élisabeth mí kanlẹ̀. "Èmi náà mọ̀," ó wí.

Fàúsátù ní kí wọ́n gbé fóònù tó gba ohùn náà sílẹ̀ gan-an wá, nítorí èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ti fún pọ̀, ó ti sọ ẹran ara rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà, ó wọ inú ohùn náà bí ẹni wọ odò. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, pẹ̀lú kásìkì, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó bo etí rẹ̀ méjèèjì, láìfi ṣájà síná. Ó mọ ìpàdé náà débi pé ó lè sọ ẹni tó jókòó sápá òsì àti ọmọ ta ló ń sunkún. Bàbá Antoine ń dá àpárá, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn, ẹ̀rín gígùn kan tó máa ń parí sí imú. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ pé, "Ẹ máa lò ó fún…", ẹ̀rọ ìlọta sì gbé ìyókù mì, àfi òpin rẹ̀: "…lẹ́yìn náà, a ó tún jókòó."

Orin ọ̀rọ̀ náà ló kọ́kọ́ yọ. Ó ń lọ bí re-mí-mí-re. Kì í ṣe ọdún kan, nítorí re-mí-re nìyẹn ì bá jẹ́. Kò sì gùn tó títí tó bá fi sú yín. Ó lè jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ó lè jẹ́ mẹ́rin. Ó lè jẹ́ méje. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ. Orin kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ. Fàúsátù fẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ. Ó rí Màmá Élisabeth lọ́kàn rẹ̀, ó gbọ́ èémí kanlẹ̀ yẹn. Ó gé ariwo díẹ̀, ó tún tẹ́tí. Ó dá díẹ̀ padà, ó tún tẹ́tí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ọ: ìró kékeré kan tó mú, bí hóró àgbàdo kan tó já bọ́ sínú igbá. *Tá*. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó tún un gbọ́ ní ìgbà mẹ́wàá sí i, pẹ̀lú ìrètí. Kò di mẹ́jọ.

Salifou ló gbé e lọ sí Ofè lórí alùpùpù, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, tí wọ́n wé sínú ìró. Bàbá Antoine jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Landry dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin sì jókòó sílẹ̀. Fàúsátù kí bàbá, èémí nìkan ló dá a lóhùn.

Landry ló kọ́kọ́ gbé kásìkì wọ etí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ohùn Bàbá ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́ta ló wí. Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo dì mú."

Màmá Élisabeth gbọ́ tirẹ̀. "Mẹ́ta péré?" Lẹ́yìn náà, ó tún un gbọ́. "Ó dáa. Ó ní a ó tún jókòó. A ó tún jókòó nígbà náà."

Nígbà náà ni ẹnì kan sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí bàbá náà gbọ́ ọ. Fàúsátù fọwọ́ wá orí rẹ̀, ó fi kásìkì bò ó létí, ó sì fi ohùn náà síbẹ̀. Landry ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un: "Ó ti la ojú. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìka mẹ́ta. Ìyá Ràmátù, ìka mẹ́ta ló nà!" Àwọn obìnrin pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fàúsátù fẹ́ yọ kásìkì náà, ọwọ́ òsì yẹn dì í mú.

Ó yé e. Ó dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú bàbá náà. Wákàtí kan gbáko ni ìpàdé náà. Àwọn obìnrin lọ sídìí ẹ̀fọ́ wọn, Landry lọ wá omi. Ní ibi tí Fàúsátù mọ̀ pé àpárá ti máa dé, ó tẹ́tí. Bàbá Antoine rẹ́rìn-ín. Kò sí ohùn nínú ẹ̀rín náà, afẹ́fẹ́ lásán ni, àmọ́ ó gùn, ó sì parí sí imú. Lẹ́yìn náà, ó ń sunkún, lẹ́yìn náà, ó tún rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé náà ṣe ń lọ.

Láti ọjọ́ náà, Salifou máa ń gbé e lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrun. Landry ti ra kásìkì fún bàbá rẹ̀, ó sì ti ń wá àwọn ìbátan kiri tí wọ́n ní ohùn rẹ̀ lórí fóònù wọn, kí Fàúsátù lè fọ̀ wọ́n.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ àwọn òkè olókùúta tó yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká, Fàúsátù fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká pé kó dúró. Salifou pa ẹ̀rọ.

"Bàbá Ràmátù, àwọ̀ wo ni àwọn òkè yẹn ní báyìí?"

Láti ọdún tí ojú rẹ̀ ti lọ, kò tíì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Salifou kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àwọn òkè náà títí, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ó dà bí eérú," ó wí. "Eérú tí iná ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Apá ọ̀hún ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀." Ó tún wò ó. "Dúró ná. Ó tún ń yí padà."

Wọ́n dúró síbẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún un bó ṣe ń yí padà.